Bí A Ṣe Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ àti Iná Mànàmáná Wọn Glúkóòsì Inú Ẹmu Nínú Ìgò Kan Ṣoṣo

Ẹmu tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ láàárọ̀ máa ń dùn. Tó bá fi di ọ̀sán, ó ti ń ta lẹ́nu; tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Ìwúkàrà inú ẹmu ló ń mú adùn yẹn lọ: ó ń fọ́ ṣúgà sí oríṣi ṣúgà kéékèèké méjì, glúkóòsì àti fructose, ó ń jẹ wọ́n, ó sì ń sọ wọ́n di ọtí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye glúkóòsì tó kù nínú ẹmu ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méjì tó ti wà tipẹ́. Ó lè sọ glúkóòsì náà di àwọ̀, kó fi ìmọ́lẹ̀ wọn àwọ̀ ọ̀hún. Ó sì lè sọ ọ́ di ìṣàn iná mànàmáná, kó ka iná náà. Ẹni tó fẹ́ ṣe méjèèjì pọ̀, nínú ìgò kan, lórí omi kan náà, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Kí ló dé tí ọ̀kan ò fi tó? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìmọ́lẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ àti èérí. Ohunkóhun tó bá dí i lọ́nà, àwọ̀ ló máa kà á sí, bẹ́ẹ̀ ẹmu funfun bíi wàrà. Iná mànàmáná ní tirẹ̀ kò bìkítà bóyá omi mọ́ lójú tàbí kò mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn èròjà inú ẹmu bá lẹ̀ mọ́ ara ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá tí iná ń gbà wọ inú omi, iná tó ń kọjá máa dín kù, nígbà tí glúkóòsì fúnra rẹ̀ ò dín. Ohun tó ń tan ọ̀kan kì í sábà tan èkejì. Bí àwọn méjèèjì bá sọ iye kan náà, ọkàn wa á balẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá yàtọ̀ síra, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ló máa júwe àṣìṣe fún wa. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni èrè iṣẹ́ yìí wà.

Ẹ́ńsáìmù kan náà, èròjà tó ń mú kí ìyípadà kan yá kánkán, ló wà nídìí ọ̀nà méjèèjì. Ní 1962, Leland Clark àti Champ Lyons, ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí a ṣe lè fi glucose oxidase sára ẹlẹ́kítíróòdù láti wọn glúkóòsì. Ní 1965, ilé iṣẹ́ Ames gbé Dextrostix jáde, ìwé pélébé tó ń yí àwọ̀ padà bí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án. Glucose oxidase ló wà nínú òun náà. Ní 1987, ExacTech dé, ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ìṣàn iná ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nílé. Àwa fẹ́ mú ojú méjèèjì padà sórí iṣẹ́ kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò

Ẹ jẹ́ kó yé wa kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wọ̀n ò lè mọ ìgbà tí ìwọ̀n ń purọ́ fún un.

Glucose oxidase, tí wọ́n ń rí lára èbu Aspergillus niger, máa ń mú glúkóòsì àti ọ́síjìn inú omi, ó sì ń tú hydrogen peroxide jáde. Ẹ́ńsáìmù kejì, HRP (horseradish peroxidase), tí wọ́n ń rí nínú gbòǹgbò ewébẹ̀ horseradish, ń fi peroxide yìí gba elẹ́kítíróònù lọ́wọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ TMB. TMB kò láwọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá ti pàdánù elẹ́kítíróònù, ó di búlúù. Bí a bá wá da ásíìdì sí i, ó di àwọ̀ ìyeyè. Àwọ̀ ìyeyè yìí ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì jù lọ ní 450 nm (nm, ìyẹn nánómítà, ni a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Èròjà kan náà tó gbé àwọ̀ náà wá ń wá elẹ́kítíróònù méjì tó pàdánù. Bí a bá fi ọ̀pá káábọ́ọ̀nù sínú omi náà ní fóltéèjì tó yẹ, yóò gba elẹ́kítíróònù yẹn lára ọ̀pá, iná á sì ṣàn.

Nítorí náà, èròjà kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ àti iná jọ ń wò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà sí i: bí ohun kan bá dojú ìjà kọ èròjà náà kó tó di àwọ̀ ìyeyè, àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì ló máa jọ ṣìnà, wọ́n á sì bára wọn mu.

Ìgbésẹ̀ 1: Ilé tí ìmọ́lẹ̀ ìta ò lè wọ̀

Ẹ wá cuvette oníke, ìgò kékeré onígun mẹ́rin tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, èyí tó fẹ̀ ní 1 cm nínú. Ẹ ṣe àpótí kékeré tó máa gbà á, ẹ kun inú rẹ̀ ní dúdú tí kì í dán. Lu ihò 3 mm sí ẹ̀gbẹ́ kan àti sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i, kí méjèèjì wà ní gíga kan náà, nǹkan bíi 1.5 cm láti ìsàlẹ̀ cuvette. LED búlúù máa wà ní ihò kan, photodiode, èyí tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná, ní ìkejì. Ẹ wá LED tó sún mọ́ 450 nm. Èyí tó jẹ́ 470 nm máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní rí àwọ̀ náà dáadáa tó.

Photodiode BPW34 dára, kò sì wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ láti nǹkan bíi 430 nm lọ sókè ló ń rí, nítorí náà 450 nm wà létí ibi tí ojú rẹ̀ dé, ó sì tó fún wa. Ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má tà yín ní BPW34F: wọ́n ti fi àsẹ́ dúdú bo ìyẹn kó má bàa rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ń rí, búlúù ò ní wọlé síbẹ̀ rárá. Ẹ so photodiode mọ́ op-amp (ohun tó ń mú iná kékeré tóbi) bíi MCP6002 pẹ̀lú resistor 1 MΩ, kí ADS1115, tó ń sọ fóltéèjì di nọ́ńbà, wá ka fóltéèjì tó jáde, kí Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré, gbà á. Ẹ fi LED pupa kan, bíi 650 nm, sí ẹ̀gbẹ́ LED búlúù. Iṣẹ́ tirẹ̀ máa hàn níwájú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé àpótí yín dára? Ẹ tan LED búlúù, ẹ fi páálí dúdú dí ọ̀nà rẹ̀. Iye tí ẹ bá kà gbọ́dọ̀ bá iye ìgbà tí LED kú mu. Bí kò bá bá a mu, ìmọ́lẹ̀ ń gba ibòmíràn wọlé, ẹ wá ibẹ̀ kí ẹ dí i. Ẹ má tẹ̀ síwájú kí ìyẹn tó tán.

Iye tí a máa lò kì í ṣe fóltéèjì gan-an. Ẹ ka òkùnkùn, ẹ ka omi lásán, ẹ ka omi aláwọ̀. Ẹ yọ òkùnkùn kúrò lára méjèèjì, ẹ fi ti aláwọ̀ pín ti omi lásán, kí ẹ mú log10 rẹ̀. Ohun tó bá jáde ni a ń pè ní A, ìwọ̀n bí omi náà ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó. Iye A yìí ló ń bá iye èròjà lọ ní ìlà tó tọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ọ̀pá mẹ́ta

Àwọn ẹlẹ́kítíróòdù tí wọ́n tẹ̀ sára ike wà lọ́jà, wọ́n sì dára, àmọ́ wọ́n ń náni lówó, wọ́n sì fẹ̀ ju ìgò wa lọ. Líìdì pẹ́ńsùlù títẹ̀, èyí tó jẹ́ 0.7 mm, ni mo ń lò. Káábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe sì mọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ mú líìdì kan fún ọ̀pá iṣẹ́, èyí tí a máa ka iná lára rẹ̀, òmíràn fún ọ̀pá ìpadàbọ̀ iná, kí ẹ sì wá okùn fàdákà fún ọ̀pá àfiwé, èyí tí fóltéèjì rẹ̀ ń dúró lójú kan.

Ibi tí omi máa kàn lára ọ̀pá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo. Ẹ fi rúlà wọn 5 mm láti orí líìdì, kí ẹ fi kútẹ̀ẹ̀sì tí wọ́n fi ń kun èékánná bo ìyókù lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ di ọjọ́ kejì. 5 mm lára líìdì 0.7 mm jẹ́ nǹkan bíi 0.11 cm². Bí kútẹ̀ẹ̀sì bá sún 1 mm péré, ẹ ti sọ ìdá kan nínú márùn-ún iná nù. Ẹ ṣe mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dán gbogbo wọn wò nínú omi aláwọ̀ ìyeyè kan náà, àwọn tí iná wọn sún mọ́ra ni kí ẹ tọ́jú. Ọ̀pá ìpadàbọ̀ kò nílò wàhálà yìí. Ẹ kàn jẹ́ kó gùn ju ọ̀pá iṣẹ́ lọ.

Fún okùn fàdákà, ẹ wá ògidì, kì í ṣe èyí tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ bàbà. Ẹ fi iwé iyanrìn tó kúnná ha á, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rì í sínú Hypo tàbí Jik fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí ara rẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó bò ó yẹn ni silver chloride. Ẹ ṣe méjì, kí ẹ fi wọ́n sínú omi KCl (potassium chloride) 0.1 M (M ni mole nínú lítà kan), kí ẹ fi mítà wọn fóltéèjì tó wà láàárín wọn. Bó bá ju mílífóltì díẹ̀ lọ, ẹ tún wọn ṣe.

Ẹ lu ihò mẹ́ta sí ìdérí dúdú kan, kí àwọn ọ̀pá gba ibẹ̀ wọlé, kí wọ́n fara ti ògiri cuvette níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò gbà kọjá. Ẹ tan LED, ẹ ka iye, ẹ ti ìdérí wọlé, ẹ tún kà. Iye náà ò gbọ́dọ̀ yí padà. Bó bá yí, ọ̀pá kan ti wọ ojú ọ̀nà.

Ní ti potentiostat, ẹ̀rọ tí ń mú fóltéèjì dúró tó sì ń ka iná, ẹ lè ra tí wọ́n ti ṣe, ẹ sì lè kàn án fúnra yín. Láti 2011 ni àwọn olùwádìí ní yunifásítì California ní Santa Barbara ti gbé àwòrán CheapStat síta fún gbogbo ayé, owó rẹ̀ kò tó 80 dọ́là nígbà náà. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ èyíkéyìí tí ẹ bá mú ni pé ṣé ó lè ka nanoampere (nA), ìdá kan nínú bílíọ̀nù ampere. Ìdí rèé: bí èròjà aláwọ̀ ìyeyè bá jẹ́ 20 µM (µ ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù), tí a sì kà á lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú àáyá lórí ọ̀pá wa, ìṣirò Cottrell, tó ń sọ bí iná ọ̀pá ṣe ń dín kù bí àkókò ṣe ń lọ, fún mi ní nǹkan bíi 0.1 µA. Ẹ̀rọ tí kò lè ya 1 nA sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo ò lè bá wa ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 3: Àwọn omi

Búfà, omi tí pH rẹ̀ kì í yí padà bọ̀rọ̀: sodium acetate aláìlómi 8.2 g àti KCl 7.46 g nínú lítà omi kan, kí ẹ fi acetic acid fà á wá sí pH 5.0. KCl yẹn ló ń mú ọ̀pá fàdákà dúró lójú kan, ẹ má yọ ọ́.

TMB: 2.4 mg nínú 1 mL DMSO, omi tí TMB ń yòrò nínú rẹ̀, ìyẹn 10 mM. Ìgò tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀ ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì yẹra fún ike polystyrene, torí DMSO ń jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀. TMB tí wọ́n ti pò sílẹ̀ fún ELISA, irú àyẹ̀wò ilé ìwádìí kan, èyí tó wà nínú ìgò kan ṣoṣo, ti ní hydrogen peroxide nínú. Odidi ọjọ́ méjì ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta fi ń wá ìdí tí ìgò omi lásán fi ń di búlúù bíi ti glúkóòsì. A fọ gbogbo ìgò, a pààrọ̀ búfà, a fẹ̀sùn kan omi. Lọ́jọ́ kẹta ni a tó ka ara ìgò TMB tí wọ́n tà fún wa. Ẹ ra ìyẹ̀fun TMB, tàbí èyí tó wá ní ìgò méjì kí ẹ sì lo apá tí kò ní peroxide.

Ẹ́ńsáìmù: ẹ pò ó kí 1 mL ní glucose oxidase 250 yúnítì àti HRP 25 yúnítì, nínú búfà kan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lò ó ni kí ẹ pò ó, kó wà lórí yìnyín.

Glúkóòsì àfiwọ̀n, èyí tí a ti mọ iye rẹ̀: 18 mg nínú 100 mL búfà jẹ́ 1 mM. Glúkóòsì ògidì ti ilé ìwádìí ni kí ẹ lò. Èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí fún mímu sábà ní àfikún nínú. Ẹ jẹ́ kó dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó. Oríṣi glúkóòsì méjì ló ń pààrọ̀ ara wọn nínú omi, alpha àti beta, beta nìkan sì ni ẹ́ńsáìmù wa mọ̀. Bí omi tuntun bá ní alpha púpọ̀, ìwọ̀n yín máa kéré lónìí, á sì pọ̀ lọ́la. Lẹ́yìn náà, ẹ bu búfà là á sí 50, 100, 150, 200 àti 250 µM.

Ásíìdì: sulphuric acid 1 M. Ásíìdì ni ẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi sínú ásíìdì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ààbò. Ẹ má lo ásíìdì bátìrì ọkọ̀. Ó le jù, ẹ ò sì mọ ohun míì tó wà nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dán ojú kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré fò ibí yìí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún ìmọ́lẹ̀, ẹ ṣe ìgò aláwọ̀ ìyeyè kan tí A rẹ̀ sún mọ́ 1. Ẹ po búfà, TMB àti ásíìdì pọ̀ bíi tinú ìgò náà, láìsí glúkóòsì, kí ẹ fi là á sí ìdajì, kí ẹ tún là á sí ìdajì. Iye A gbọ́dọ̀ máa já sí ìdajì bákan náà. Bí èyí tó ga jù ò bá tó ìlọ́po méjì èyí tó tẹ̀lé e, ìmọ́lẹ̀ kan ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Iye A tó bá ju 1.5 lọ kò ṣeé gbára lé pẹ̀lú irú ohun èlò yìí.

Fún iná, ẹ ti ọ̀pá sínú omi ìyeyè yẹn, kí ẹ jẹ́ kí fóltéèjì rìn láti 0.7 V sọ̀kalẹ̀ sí −0.1 V, ní 50 mV fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú àwòrán iná tó jáde, ẹ máa rí òkè kan níbi tí èròjà náà ti ń gba elẹ́kítíróònù. Fóltéèjì tí ẹ máa dúró lé gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ òkè yẹn pẹ̀lú nǹkan bíi 0.2 V. Tèmi sábà bọ́ sí 0.1 V, ṣùgbọ́n ọ̀pá fàdákà tí a ṣe nílé kì í jọra, kí ẹ wá tiyín.

Ariwo iná ìjọba ni ọ̀tá tó kù. Iná tiwa ń mì ní 50 Hz, ó sì máa ń wọ inú okùn ọ̀pá. Ẹ jẹ́ kí bátìrì gbé gbogbo ohun èlò, kí ẹ sì máa kà fún 100 mílísẹ́kọ́ńdù lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìmì márùn-ún gérégé, kí ariwo náà pa ara rẹ̀ rẹ́. Bí ẹ bá lo power bank, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pa ara wọn bí iná tí ẹ ń fà bá kéré jù. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mi tábìlì náà ò dára; ìmì yẹn ń ro omi lábẹ́ ọ̀pá, iná á sì máa lọ sókè sódò.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ so wọ́n pọ̀

Sínú cuvette kọ̀ọ̀kan, ẹ da búfà 2.05 mL, TMB 0.1 mL, àti omi àfiwọ̀n tàbí ẹmu tí a ti là 0.25 mL. Ẹ da ẹ́ńsáìmù 0.1 mL sí i, ẹ rò ó, ẹ tẹ aago. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 gérégé, ẹ da ásíìdì 0.5 mL sí i, ẹ rò ó. Ẹ́ńsáìmù ti kú nìyẹn, àwọ̀ ti dúró.

Ọ́síjìn tó yòrò nínú omi tí afẹ́fẹ́ kàn jẹ́ nǹkan bíi 0.25 mM. Glúkóòsì tó pọ̀ jù nínú ìgò wa kò ju 25 µM lọ, nítorí náà ọ́síjìn ò ní tán. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń là á tó báyìí.

Ẹ ti ìdérí àti ọ̀pá wọlé. Kí LED ti wà ní títàn fún ìṣẹ́jú 5 ṣáájú kó lè fara balẹ̀. Ẹ ka búlúù lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú òkùnkùn láàárín. Ẹ ka pupa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá pa LED méjèèjì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan kí omi parọ́rọ́, kí ẹ fún ọ̀pá ní fóltéèjì. Ìpíndọ́gba iná láti ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30 ni iye yín. Ẹ má tan LED nígbà tí ẹ ń ka iná. Bó ṣe ń tàn tó ń kú máa hàn nínú iná ọ̀pá.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá ọ̀pá ò ní jẹ àwọ̀ náà tán fún ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 0.1 µA fún 60 ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ 6 µC. Ẹ fi 2 × 96485 (elẹ́kítíróònù méjì, 96485 coulomb fún mole kọ̀ọ̀kan) pín in, ẹ máa rí nǹkan bíi 31 picomole. Bí omi inú ìgò bá jẹ́ 3 mL ní 20 µM, ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ 60 nanomole, ìyẹn 60,000 picomole. Iná ní ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju 0.1 µA lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tiẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rí kan ò jí nǹkan lọ́wọ́ èkejì.

Ẹ ṣe ti omi àfiwọ̀n kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú èyí tí kò ní glúkóòsì. Ẹ ya ìlà méjì: A sí glúkóòsì, iná sí glúkóòsì. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀sí tirẹ̀, kọ̀ọ̀kan sì máa fún yín ní iye glúkóòsì tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹmu

Bí ẹmu bá dé, ìwúkàrà inú rẹ̀ ṣì ń jẹun. Ẹ bu 5 mL, ẹ gbé e sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10, kí ìgò wà ní dídé, ẹ jẹ́ kó tutù, kó sì silẹ̀. Híhó yẹn pa ìwúkàrà, ó sì pa catalase tó wà lára ìwúkàrà, ẹ́ńsáìmù tó máa ń fọ́ hydrogen peroxide wa kó tó dé ọ̀dọ̀ HRP.

Ẹmu àárọ̀ lè nílò lílà ní ìlọ́po 500: 0.1 mL sínú búfà títí yóò fi di 50 mL. Ẹmu kíkan ò ní glúkóòsì púpọ̀ mọ́, ìlọ́po 10 tàbí 20 lè tó. Ibẹ̀ ni ìṣòro ìmọ́lẹ̀ wà, torí bí a ṣe ń dín lílà kù ni èérí funfun ń pọ̀ sí i nínú ìgò. Ká ní ìlà yín sọ 120 µM lára ẹmu tí ẹ là ní 500: 60 mM nìyẹn, nǹkan bíi 10.8 g nínú lítà kan. Ẹ rántí pé glúkóòsì nìkan ni. Ṣúgà tí ìwúkàrà ò tíì fọ́ àti fructose ò sí nínú iye yìí.

Fún ẹmu kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ìgò mẹ́ta. Èkíní ni ti gidi. Nínú èkejì, ẹ da ásíìdì sí i kí ẹ tó da ẹ́ńsáìmù. Kò sí àwọ̀ tó máa jáde níbẹ̀, ohun tí ẹ bá kà nínú rẹ̀, ti èérí ni, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ po ẹmu tí a ti là pọ̀ mọ́ glúkóòsì 200 µM ní ìdajì sí ìdajì, kí ẹ fi àpòpọ̀ náà dípò ẹmu. Ohun tó yẹ kó jáde ni ìdajì iye ẹmu pẹ̀lú 100 µM. Ìgò kẹta yìí ni mi ò lè gbà kí ẹnikẹ́ni fò.

Ìgbésẹ̀ 7: Kí ni wọ́n ń sọ?

Ká ní ìmọ́lẹ̀ ní 12.0 pẹ̀lú àyè àṣìṣe 0.4, iná ní 11.2 pẹ̀lú 0.8. Ẹ sọ 0.4 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ ṣe 0.8 bákan náà, ẹ ro àbájáde méjèèjì pọ̀, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀: 0.89. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 1.8. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.8, kò dé ibẹ̀, nítorí náà wọ́n fohùn ṣọ̀kan, a sì lè pa wọ́n pọ̀. Ẹ má kàn fi méjì pín wọn. Èyí tí àṣìṣe rẹ̀ kéré ló yẹ kó sọ̀rọ̀ jù: ẹ sọ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ fi àbájáde rẹ̀ pín 1, ìmọ́lẹ̀ á ní 6.25, iná á ní 1.56. Ẹ sọ 12.0 di púpọ̀ pẹ̀lú 6.25 àti 11.2 pẹ̀lú 1.56, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ fi àròpọ̀ 6.25 àti 1.56 pín in: ó máa fún yín ní 11.8, àyè àṣìṣe á sì já sí 0.36, ó kéré ju ti èyíkéyìí nínú wọn lọ.

Bí ìyàtọ̀ bá ju ìlọ́po méjì yẹn lọ, ẹ má pa wọ́n pọ̀ rárá. Ẹ wá ìdí.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ga tí iná sì dúró, ẹ wo ohun tí LED pupa kà. Àwọ̀ ìyeyè fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé pupa mì rárá, nítorí náà ohun tó bá dí pupa lọ́nà, èérí tàbí àpò afẹ́fẹ́ kékeré ni. Ẹ gbẹ́kẹ̀ lé iná fún ìgò yẹn, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹmu silẹ̀ sí i.

Bí iná bá kéré tí ìmọ́lẹ̀ sì dúró, ọ̀pá ni. Ẹ pààrọ̀ líìdì, ẹ tún kà á nínú omi kan náà. Bó bá padà sípò, ohun kan ti lẹ̀ mọ́ líìdì àkọ́kọ́. Bí kò bá padà, ẹ wo ọ̀pá fàdákà.

Bí méjèèjì bá kéré pọ̀, tí wọ́n sì bára wọn mu dáadáa, ẹ ṣọ́ra gidigidi, torí ibí ni ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Fítámì C máa ń dá TMB tó ti yí àwọ̀ padà sípò àìláwọ̀. Catalase tí híhó ò pa máa ń fọ́ peroxide. Ẹ́ńsáìmù tó ti gbó ò ní ṣiṣẹ́ tán láàárín ìṣẹ́jú 15. Àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì á jọ jẹ́rìí èké, ẹnu wọn á sì kò. Ìgò kẹta nìkan ló lè tú u fó: bí glúkóòsì 100 µM tí ẹ fi kún un bá jáde bíi 90 sí 110, ẹ gba iye náà. Bó bá jáde bíi 60, ohun kan nínú ẹmu yẹn ń jẹ àwọ̀ yín. Ẹ là á sí i, kí ẹ tún ṣe é.

Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n gbé síta tí wọ́n fi ìbáramu ìmọ́lẹ̀ àti iná ṣe ẹ̀rí pé ìwọ̀n wọn pé, láìsí ìgò àfikún kankan. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, torí iṣẹ́ náà dára, ìgò kan péré ló kù kó pé.

Ẹ má fi ohun èlò yìí ka ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni láti tọ́jú rẹ̀. Ẹmu tó bá ti wọ yàrá ìwádìí ò ṣeé mu mọ́.

Ìtọ́jú

Ẹ máa kó omi tó ní TMB àti ásíìdì jọ sínú ìgò ìdọ̀tí tó ní àkọlé, ẹ má dà á sínú kòtò omi. Líìdì tó ti wọ inú ẹmu, ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ lò ó. Ọ̀pá fàdákà máa ń pẹ́ bó bá wà nínú KCl 0.1 M níbi tó ṣókùnkùn. Bí ara rẹ̀ bá ti ń funfun, ẹ tún rì í sínú Hypo. TMB tó wà nínú DMSO, inú firisa ni, nínú ìgò tí ẹ fi fọ́ìlì wé, bó bá sì ti ní àwọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, ẹ pò òmíràn.